Kì í ṣe Ìkún-omi Nóà ló kó ìkarahun sínú òkúta Ṣàgámù

Ẹni tó bá mú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ṣàgámù lọ́wọ́, tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò ní pẹ́ rí ìkarahun nínú rẹ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú àwa ará Rẹ́mọ sì gbà ni pé Ìkún-omi ayé Nóà ló gbá wọn jọ síbẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ nílé ìwé, wọ́n ń sọ ọ́ nílé ìsìn, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀dá tín-ń-tín kan tó wà nínú òkúta náà ló sì lè là wá lójú.

Ostracod ni wọ́n ń pè é. Ìbátan akàn àti edé ni, àmọ́ ìkarahun aláwẹ́ méjì ló ń gbé inú rẹ̀, bí ẹ̀wà. Púpọ̀ wọn kò ju mìlímítà 1 lọ. Wọ́n ṣì wà láàyè lónìí nínú odò àti ọ̀sà. Àwọn ti Ṣàgámù yìí gbé ayé ní ìgbà Paleocene, láàárín mílíọ̀nù ọdún 66 sí 56 sẹ́yìn, nígbà tí òkun tí kò jìn bo ibi tí à ń pè ní Ṣàgámù lónìí.

Ìkarahun ostracod kì í dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá ti há mọ́ ọn, yóò bọ́ ọ sílẹ̀, yóò ṣe tuntun, bí akàn ti ń ṣe. Kó tó di àgbà, ó sábà máa ń bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Nígbàkígbà tó bá bọ́ ọ, ara rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, gígùn rẹ̀ á sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i. Èyí tí yóò gùn tó mìlímítà 1 lágbà lè má tó 0.2 nígbà tó jáde nínú ẹyin. Ẹyọ kan ṣoṣo lè fi awẹ́ 18 sílẹ̀. Tí ẹ bá wọn gígùn àti gíga ọ̀pọ̀ awẹ́ irú kan, tí ẹ tò ó sórí ìwé, agbo-agbo ni wọn yóò dúró, agbo kan fún ọjọ́ orí kan. Láàárín àwọn àgbà, akọ sábà máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ju abo lọ. Ìyẹn ti mú kí àwọn onímọ̀ sọ takọtabo irú kan náà ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí.

Ẹ wá wo iṣẹ́ àgbàrá. Ṣíṣà ló ń ṣà nǹkan: ó ń gbé èyí tó fúyẹ́ lọ, ó ń já èyí tó wúwo sílẹ̀. Bí omi bá kó ostracod wá láti ibòmíràn, àwọn tí ìwọ̀n wọn jọra ni yóò kó jọ, púpọ̀ awẹ́ á sì ti já kúrò lára èkejì. Níbi tí ọmọ, ọ̀dọ́ àti àgbà bá wà pa pọ̀, tí awẹ́ méjèèjì àwọn kan ṣì pa dé, ibẹ̀ ni wọ́n gbé, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. (Àwọn ọmọ tuntun gan-an sábà máa ń ṣègbé, torí ìkarahun wọn tinrín jù.) Richard Reyment, tó tẹ ìwádìí lórí ostracod Nàìjíríà jáde ní 1960 àti 1963, tún kọ̀wé lórí ihò róbótó tí ìgbín òkun ń lu sára wọn láti jẹ ẹran inú wọn. Ìgbín kò lè jókòó lu irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú àgbàrá.

Lórí òkúta sìmẹ́ńtì yìí ni amọ̀ líle tó dúdú díẹ̀ wà, tí wọ́n ń pè ní Akinbo. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní hóró ohun alumọ́ni aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ń pè ní glauconite. Hóró yìí kì í yára dá rárá. Ilẹ̀ òkun tí ẹrẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ló ti ń dá, ó sì ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìkún-omi ọdún kan kò lè ṣe é.

Ibi tí àwọn ostracod tàn dé náà ńkọ́? Ostracod ilẹ̀ òkun kì í bí ọmọ tó ń léfòó lójú ìgbì. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń rákò láti ìran dé ìran. Síbẹ̀, àwọn irú kan tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wà ní Tógò, wọ́n sì wà ní Málì, torí òkun ìgbà náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Yúróòpù ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Omi kan tó bo gbogbo ayé ì bá ti pò wọ́n mọ́ra.

Ẹ̀yin olùkọ́ Rẹ́mọ, ẹ bu amọ̀ Akinbo díẹ̀, ẹ sá a títí yóò fi gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi tú, kí ẹ fi asẹ́ tí ojú ihò rẹ̀ kéré fọ̀ ọ́. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi máíkírósíkóòpù wò ó, kí wọ́n má sì da àwọn kéékèèké nù.