Èrò Ọjà Kọ́ Ni Oníbàárà: Ìgbàgbọ́ Tó Ń Ṣi Àwọn Oníbúlọ́ọ̀gì Tuntun Lọ́nà

Bí ẹ bá bi ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì léèrè bí yóò ṣe rí owó nídìí rẹ̀, ìdáhùn tí ẹ óò gbọ́ kò ní jìnnà sí èyí: "Màá máa kọ̀wé lójoojúmọ́, èrò yóò máa wọlé, bí èrò bá sì ti pọ̀, owó yóò tẹ̀lé wọn." Ìgbàgbọ́ náà dùn ún gbọ́, ó sì jọ òótọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó ń pàtẹ síbi tí ẹsẹ̀ kò sí. Síbẹ̀, èrò ọjà kọ́ ni oníbàárà. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè kọjá níwájú ìsọ̀ kan láàárọ̀ láìsí ẹyọ ẹnì kan tó dúró nájà. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì nítorí owó, títí kan èyí tí èmi fúnra mi ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti inú ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo yìí yọ.

Ìgbàgbọ́ náà kò ṣàdédé wáyé. Ọdún 1997 ni Jorn Barger fún irú ìwé tí à ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìgbà dé ìgbà, tí à ń pè ní búlọ́ọ̀gì lónìí, ní orúkọ weblog. Ní 1999, Peter Merholz fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà, ó là á sí méjì (we blog), blog ló sì kù sí gbogbo ayé lẹ́nu. Ní ọdún 1999 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Pyra Labs gbé Blogger jáde, tí ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ètò kọ̀ǹpútà fi lè máa kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá nígbà náà. Ohun tó bá wá sí wọn lọ́kàn ni wọ́n ń kọ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ọdún 2003 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Google ra Blogger, ó gbé AdSense, ètò rẹ̀ tó ń fi ìpolówó sí ojú ewé àwọn ẹlòmíràn, jáde, ọdún náà sì ni WordPress, ètò mìíràn tí a fi ń kọ́ búlọ́ọ̀gì, dé. Láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni ti lè lẹ ìpolówó mọ́ ojú ewé rẹ̀, kí owó sì máa wọlé láìjẹ́ pé ó bá olùpolówó kankan dúnàádúrà. Àwọn tó tètè débẹ̀ jèrè dáadáa, nítorí pé ohun kíkà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì pọ̀ tó báyìí. Ìtàn wọn ni wọ́n ṣì ń sọ kiri títí di òní, bí ẹni pé ọjà ọjọ́ náà ṣì ni a ń ná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. AdSense kì í san owó fún oníbúlọ́ọ̀gì títí ohun tó pa yóò fi pé 100 dọ́là. Ká ní ìpolówó orí búlọ́ọ̀gì kan ń mú 2 dọ́là wá fún ìgbà 1,000 tí àwọn ènìyàn bá ṣí ojú ewé rẹ̀. (Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi èyí ṣe, iye náà máa ń gòkè, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kókó tí a ń kọ nípa rẹ̀, ibi tí òǹkàwé ń gbé àti ìgbà tó jẹ́ nínú ọdún bá ṣe rí.) Ìgbà 50,000 ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ojú ewé náà kí onítọ̀hún tó fojú kan 100 dọ́là àkọ́kọ́. Bí ènìyàn 40 bá ń wọ búlọ́ọ̀gì tuntun náà lóòjọ́, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ń ṣí ojú ewé kan, yóò gbà á ju ọdún mẹ́ta lọ kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni yìí kan náà bá ní ohun tó ń tà fúnra rẹ̀ ní 25 dọ́là, ìbáà ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan, ìbáà ṣe wákàtí kan tí yóò fi bá oníbàárà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ènìyàn mẹ́rin péré ti tó o. Ẹni tó gbára lé ìpolówó ń ta ojú àwọn òǹkàwé rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń rà á. Ẹni tó ń ta ìmọ̀ rẹ̀ ń tà á fún ẹni tó ti ń wá a.

Ìpolówó pàápàá kò wo iye orí nìkan. Ẹni méjì lè wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí kámẹ́rà: ọ̀kan ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe kámẹ́rà, èkejì ń béèrè èyí tó dára jù fún ẹni tó fẹ́ máa ya àwòrán lálẹ́ láìná owó púpọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yóò rí ìdáhùn nínú gbólóhùn kan, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ìṣàwárí gan-an lè dá a lóhùn kó má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni kejì ti mú owó dání, amọ̀nà ló kù tó ń wá. Àwọn olùpolówó mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí ojú ewé tó ń sọ nípa owó yíyá tàbí ìbánigbófò fi máa ń pa ju ojú ewé àwàdà lọ bí iye àlejò wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kọ àwàdà kan nípa àwọn tó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wọn, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tó wọlé ju àwọn tó wọlé ní gbogbo ọdún tó ṣáájú lọ. Mo jókòó ti àmì tó ń ka iye wọn bí ẹni pé owó ló ń kà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti túká, n kò sì rí ẹnì kan nínú wọn tó padà wá ka ohun mìíràn. Ní gbogbo àkókò yẹn, àpilẹ̀kọ kan tí kò ládùn rárá, tí mo kọ nípa bí a ṣe ń gba fáìlì padà nínú kọ̀ǹpútà tí kò tàn mọ́, ń rí àlejò bíi mẹ́wàá lóòjọ́. Láàárín àwọn mẹ́wàá mẹ́wàá yìí ni ẹni tó kọ́kọ́ kọ ímeèlì sí mi, tó béèrè iye tí màá gbà láti bá a ṣe é, ti jáde wá.

Ẹni tó bá gbà pé èrò ni owó kì í lè mú kókó kan ṣoṣo. Lójú rẹ̀, bó bá kọ nípa ìlera, bọ́ọ̀lù, ìfẹ́ àti fóònù pa pọ̀, ṣe ni àwọ̀n rẹ̀ fẹ̀ sí i. Ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹni tó wá nítorí bọ́ọ̀lù bá àpilẹ̀kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru níwájú, kò sì rí ìdí kankan tí yóò fi padà wá lọ́la. Ẹ wo Ben Thompson, tó dá Stratechery sílẹ̀ ní 2013: ọgbọ́n òwò àwọn ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ nípa rẹ̀, kò sì yà kúrò lórí rẹ̀. Ní 2014 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àsansílẹ̀, 10 dọ́là lóṣù, lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ máa kà á déédéé, nǹkan tó sì fi ń jẹun nìyẹn. Ẹ tún fi ìṣirò òkè yẹn wò ó: ẹni tí 1,000 òǹkàwé péré bá ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ń gba 10,000 dọ́là lóṣù; kí ìpolówó tó lè mú iye yẹn wá, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ojú ewé rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù márùn-ún. N kò sọ pé ó rọrùn láti rí 1,000 ènìyàn tí yóò máa sanwó. Ohun tí mo ń sọ ni pé mílíọ̀nù márùn-ún le jù ú lọ fíìfíì, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ń lé.

Òfin pé kí a máa kọ̀wé lójoojúmọ́ náà, ọmọ ìgbàgbọ́ yìí ni. Mo gbà pé kíkọ̀wé déédéé ń mú ọwọ́ ẹni yá. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ ni owó, ilé iṣẹ́ Demand Media tó ni ìkànnì eHow ni ìbá kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń wo ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí, wọn a sì san owó táṣẹ́rẹ́ fún àwọn òǹkọ̀wé láti tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpilẹ̀kọ jáde lórí rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, wọ́n gbé ìpín ìdókòwò wọn wá sí ọjà ní Amẹ́ríkà, iye ilé iṣẹ́ náà sì ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ. Oṣù tó tẹ̀lé e ni Google gbé àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Panda jáde, èyí tó ń ti àwọn ojú ewé tí kò ní láárí sẹ́yìn nínú èsì ìṣàwárí. Kí ọdún náà tó parí, ọwọ́ Panda ti tẹ eHow.

Ọdún 2011 yẹn gan-an ni Brian Lam dá The Wirecutter sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà mìíràn pátápátá. Àpilẹ̀kọ díẹ̀ ló ń jáde, àyẹ̀wò tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀, ohun tí wọ́n sì ń sọ fún òǹkàwé kò lọ́jú pọ̀: nínú gbogbo irú ọjà yìí, èyí ni kí ẹ rà. Bí òǹkàwé bá gba ojú ewé wọn lọ rà á, ọlọ́jà a yọ làádá fún wọn. Ní 2016, The New York Times ra òun àti ìkànnì ìkejì rẹ̀, The Sweethome, ní nǹkan bíi 30 mílíọ̀nù dọ́là. Ní báyìí tí ẹ̀rọ ti lè kọ ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀pọ̀ ló tún fẹ́ tọ ipasẹ̀ eHow. Kí wọ́n rántí pé ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Google fi kún òfin rẹ̀ pé títú àpilẹ̀kọ jáde yanturu kìkì nítorí àti gòkè nínú èsì ìṣàwárí jẹ́ ìrẹ́jẹ, ìbáà ṣe ènìyàn ló kọ wọ́n, ìbáà ṣe ẹ̀rọ.

Bí èrò kò bá tètè dé, àwọn kan a máa ra èrò. Lórí èyí, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀: àlejò tí wọ́n ń tà ní ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún sábà máa ń jẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì, rọ́bọ́ọ̀tì kò sì ní àpò owó. AdSense a máa ti àkáǹtì ẹni tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá ń tẹ ìpolówó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ti ti ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí tó ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ pé kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó dùn mí jù nínú àwọn àṣìṣe wọ̀nyí ni ti ẹni tó rí èrò gidi, tí kò sì mọ bí yóò ṣe tún rí wọn. Bí ó bá jẹ́ Facebook ló ń kó wọn wá, Facebook lè dá wọn dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ó kéde pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni òun yóò máa gbé síwájú àwọn ènìyàn ju ti àwọn ojú ewé ìròyìn àti ti òwò lọ, ọ̀pọ̀ tó fọkàn tẹ̀ ẹ́ sì rí i bí àlejò wọn ṣe ń gbẹ. Bí ó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni a kọ́ búlọ́ọ̀gì náà sí, onílẹ̀ lè kó ilẹ̀ rẹ̀. Typepad, ibi tí ọ̀pọ̀ kọ́ búlọ́ọ̀gì wọn sí, tí òun náà dé ní ọdún 2003, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ẹni tó ní orúkọ ìkànnì tirẹ̀, tó sì ti kó ìwé rẹ̀ pamọ́, kàn kó ẹrù lọ síbòmíràn ni. Ìdí nìyí tí mo fi ka àdírẹ́sì ímeèlì 200, tí àwọn tó ni wọ́n fi tinútinú fún wa, sí ju àlejò 20,000 tí a kò mọ ọ̀nà ilé wọn. Ó sì yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó tó di pé a ń yan àwọ̀ tí yóò wà lójú búlọ́ọ̀gì, iṣẹ́ tí mo mọ ẹni tó fi oṣù méjì ṣe.

Kí n má baà ṣàbòsí, ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti jẹ́ òótọ́ wà. Àwọn alágbàtà ìpolówó tó ń san owó gidi máa ń fẹ́ èrò kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbẹ̀wò 50,000 lóṣù ni Mediavine ń béèrè. Ẹni tó bá ti ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lórí kókó kan lè jẹun nídìí ìpolówó, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò tíì sí níbẹ̀, bó bá sì kún ojú ewé tí ènìyàn 40 ń wọ̀ pẹ̀lú ìpolówó mẹ́fà, àwọn 40 náà ni yóò lé lọ.

Ní tèmi, mo ti yọ àmì tó ń ka iye àlejò kúrò lójú búlọ́ọ̀gì mi láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí mo ń kà ní ìparí ọ̀sẹ̀ ni iye ímeèlì tí òǹkàwé kọ láti béèrè nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mọ́kànlá ni. Mẹ́ta nínú wọn béèrè iye tí mò ń gbà.