Tẹ́sítì ti kọjá, àmọ́ lọ́ọ̀kù yẹn kò dára

Ọmọkùnrin kan ní Ìyàrà tó ń kọ́ iṣẹ́ kernel Linux (ìyẹn ètò àárín gbùngbùn tó ń darí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù) lọ́dọ̀ mi fi kóòdù ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó kí mi ní "Okun o" tán, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo lọ́ọ̀kù tí mo kọ. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí tẹ́sítì rẹ̀, ìgbà 1,000 ni mo ti ṣe é, kò kùnà rí."

Òun nìkan kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà jù mí lọ: kóòdù gan-an ni kéèyàn tẹjú mọ́, tẹ́sítì, ìyẹn kóòdù tó ń dán kóòdù wò, kò ju àfikún lọ, tó bá ti kọ "ok" síta, ọ̀rọ̀ parí. Bí kóòdù bá ń to orúkọ tàbí ó ń ṣírò owó, mi ò ní bá yín jà. Tó bá kan lọ́ọ̀kù, irọ́ ni.

Ẹ wo àgádágodo tí ẹ rà ní ọjà Kàbà. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tì í, ẹ fi ṣí i, ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá, ẹ ní ó dára. Ohun tí ẹ dán wò ni pé ẹ̀yin lè wọlé. Bóyá kọ́kọ́rọ́ aládùúgbò yín náà lè ṣí i, ẹ ò tíì mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an lẹ tìtorí ẹ̀ náwó.

Lọ́ọ̀kù inú kernel kò yàtọ̀. CPU (ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ) méjì lè dé orí dátà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà; lọ́ọ̀kù ló ń dá èkejì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ti ọmọ yìí ń wo nọ́ńbà kan. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ 0, a jẹ́ pé kò sẹ́ni nínú ilé. Á sọ ọ́ di 1, á wọlé. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n wíwò ni ìgbésẹ̀ kan, sísọ ọ́ di 1 ni ìgbésẹ̀ kejì. Láàárín méjèèjì, CPU mìíràn lè yọjú, kí òun náà bá 0 níbẹ̀. Àwọn méjèèjì á jọ wọlé, kò sì sí ẹni tó máa fura.

Kí ló dé tí tẹ́sítì kò fi rí i? Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: ó dá thread (iṣẹ́ tó ń dá lọ lọ́tọ̀ nínú ètò kan náà) méjì sílẹ̀, thread kọ̀ọ̀kan gba lọ́ọ̀kù, ó fi 1 kún iye kan, ó tú lọ́ọ̀kù sílẹ̀, nígbà 100. Bí iye náà bá jẹ́ 200 lẹ́yìn rẹ̀, "ok".

Kí n tó ka ìlà kan nínú ẹ̀, mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe. Mo pa lọ́ọ̀kù náà rẹ́ pátápátá, mo tún tẹ́sítì ṣe. Ó ní "ok". Ẹ gbọ́ ná: kò sí lọ́ọ̀kù níbẹ̀ mọ́ o! Tẹ́sítì ṣì ń yìn ín.

Nígbà tí mo wá jókòó kà á, mo rí ohun méjì. Àkọ́kọ́, kí CPU òde òní fi 1 kún nǹkan nígbà 100, ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù, ẹ mú bí ìdá kan tàbí méjì níbẹ̀, ó ti tó o. Dídá thread sílẹ̀ gan-an pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó bí thread kejì, ti àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ tán, ó ti lọ sílé. Wọn ò pàdé rí. Èkejì, QEMU, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà, ló fi ń ṣe é, QEMU sì rèé, bí ẹ ò bá sọ iye CPU tí ẹ fẹ́ fún un, ẹyọ kan ló máa fún yín. Ìgbà 1,000 tó ń wí, àlejò kan ṣoṣo ló ń kan ilẹ̀kùn.

Ká tilẹ̀ ní CPU rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, tí tẹ́sítì kọ̀ọ̀kan sì ń gba lọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀kan péré. Ká gbà pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 100,000 tí wọ́n bá gba lọ́ọ̀kù ni CPU méjì máa ń pàdé nínú àlàfo kékeré yẹn. Ẹni tó bá ṣe tẹ́sítì nígbà 1,000, nínú ẹni 100 bíi tirẹ̀, nǹkan bí 99 ni kò ní rí i rárá. Ẹ wá gbé lọ́ọ̀kù yẹn sínú fóònù tó ń gbà á nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tá a bá ṣírò rẹ̀ ní ìpíndọ́gba, bí ìṣẹ́jú-àáyá 100 ni wàhálà máa fi dé. Ìgbà 1,000 tó ń dún bí àádùn lẹ́nu ẹni tó kọ kóòdù, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ní 14 August 2003, iná lọ mọ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 50 èèyàn lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìròyìn ńlá nìyẹn lọ́dọ̀ tiwọn.) Ara ohun tó fà á ni pé ètò kọ̀ǹpútà tó yẹ kó ta àwọn òṣìṣẹ́ iná lólobó ní Ohio ti kú sára, torí iṣẹ́ méjì nínú rẹ̀ jọ kọ nǹkan sórí dátà kan náà. Àwọn tó ṣe ètò náà ní ó ti ṣiṣẹ́ ju wákàtí mílíọ̀nù 3 lọ kí àṣìṣe yẹn tó fojú hàn. Nínú Linux fúnra rẹ̀, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dirty COW wọlé ní 2007, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2016.

Àwọn tó ń kọ Linux mọ èyí dáadáa. (Ọjọ́ 25 August 1991 ni Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, kéde iṣẹ́ náà, ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ wa pé ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì.) Fáìlì kan wà nínú kernel, lib/locking-selftest.c, tó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ lo lọ́ọ̀kù lódì: ó ń gba ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ń tú èyí tí kò gbà sílẹ̀, ó ń da ètò wọn rú. Lockdep, ètò tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lo lọ́ọ̀kù, tó wọ kernel ní 2006, ló yẹ kó figbe ta. Bí kò bá figbe ta, tẹ́sítì kùnà. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, "ok" tibẹ̀ túmọ̀ sí pé ajá ti gbó.

Lockdep yìí, ẹ fi wé àgbàlagbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà oko. Ó rí i lọ́jọ́ Ajé pé Táíwò mú ọkọ́, ó wá mú àdá. Ó rí i lọ́jọ́bọ̀ pé Kẹ́hìndé mú àdá, ó wá mú ọkọ́. Wọn ò tíì pàdé lóko. Ṣùgbọ́n bàbá ti ń pariwo: ọjọ́ tí ẹ bá jọ dé, ọ̀kan á di ọkọ́ mú, á máa retí àdá, èkejì á di àdá mú, á máa retí ọkọ́, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ ẹ̀yin méjèèjì lórí. Bàbá kò retí kí ó ṣẹlẹ̀ kó tó mọ̀.

Àléébù bàbá yìí kan rèé o: tó bá ti pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sùn nìyẹn, àfi tí ẹ bá pa ẹ̀rọ, tí ẹ tún un tàn. Fáìlì tí mo dárúkọ yẹn ní ọgbọ́n tó fi ń jí i padà lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Tẹ́sítì yín ńkọ́? Mo ti rí èyí tí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀, tí ogún tó tẹ̀ lé e dákẹ́ rọ́rọ́, tí ẹni tó kọ ọ́ sì ń ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí àṣeyọrí.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà. Ẹni tó ní kí thread sùn díẹ̀ "kí èkejì lè dé", láìmọ̀ pé oorun kò dá nǹkan kan lójú. Ẹni tí kò wò ó bóyá thread tó ní kí wọ́n dá sílẹ̀ tiẹ̀ wáyé. Ẹni tó pe trylock, tó ń gbìyànjú láti gba lọ́ọ̀kù láìdúró, tí kò wo èsì rẹ̀ bóyá ó rí i gbà.

Gbogbo èyí ni mo kọ sí ọmọ Ìyàrà. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, mo rò pé inú ń bí i. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó pè. Ó ti fún QEMU ní CPU mẹ́rin, ó ti dá àwọn thread dúró lẹ́nu géètì kan kí wọ́n lè jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti sọ 100 di 1,000,000.

"Ẹ̀gbọ́n, 2,000,000 ló yẹ kó jẹ́. Kò dé ibẹ̀ rárá, lọ́ọ̀kù sì wà níbẹ̀ o!"

Mo ní kó so wíwò àti sísọ di 1 pọ̀ sí ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, kó lo atomic_cmpxchg, àṣẹ inú kernel tó ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó tún fi pè. Ó ti pé 2,000,000 géérégé.

"Ó dáa," mo ní, "wá pa lọ́ọ̀kù yẹn rẹ́, kó o tún un ṣe."

Ó ní òun ti ṣe é kí òun tó pè mí.