Orúkọ ló ń ṣini lọ́nà: Sheldonian kì í ṣe ilé eré

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ilé eré orí ìtàgé ni Sheldonian Theatre ní Oxford tẹ́lẹ̀, kí yunifásítì tó sọ ọ́ di gbọ̀ngán ìgboyè. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ayẹyẹ yunifásítì, bí ìgboyè, gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Inú ìjọ St Mary ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ariwo ibẹ̀ kò sì yẹ ilé Ọlọ́run. Gilbert Sheldon, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ló sanwó ilé tuntun náà, Christopher Wren ló yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ láàárín 1664 sí 1669.

Ọ̀rọ̀ náà "Theatre" ló ń dá ìṣòro sílẹ̀. Ìrísí ilé ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòran àtijọ́ kan ní Róòmù, tí wọ́n ń pè ní ti Marcellus, ni Wren wò kọ́ ọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ní òrùlé. Aṣọ ni wọ́n máa ń fi okùn ta sókè nítorí oòrùn. Wren ní tirẹ̀ fi igi ṣe òrùlé, láìsí òpó kankan láàárín gbọ̀ngán tó gbé e ró. Robert Streater wá ya ojú ọ̀run sí àjà, bí ẹni pé ilé náà kò ní òrùlé bíi ti Róòmù. Ẹ gbójú sókè níbẹ̀, ẹ óò rí okùn aláwọ̀ wúrà, àti aṣọ pupa tí wọ́n ká kúrò. Ó wù mí púpọ̀.

Lóòótọ́, orin àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń wáyé níbẹ̀, wọ́n sì ti tẹ ìwé níbẹ̀ rí. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó ka ìtàn ilé náà lójú òpó Yunifásítì Oxford fúnra rẹ̀.