Ẹ má bu omi sí bíréèkì

Ohùn kan ń kiri lórí WhatsApp láàárín àwa awakọ̀ Ìlọrin pé bí ọ́ìlì bíréèkì bá lọ sílẹ̀, ká bu omi sí i. Irọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́! Omi ń hó ní 100°C. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3, tó bá jẹ́ tuntun, kì í hó títí á fi tó 205°C, ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ bíréèkì léraléra, á gbóná janjan, omi á di oru, ẹsẹ̀ yín á rì kanlẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà kọ́: ó ń mú rọ́bà inú bíréèkì wú. Mo ti di irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ mú rí, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá lọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó bóyá páàdì bíréèkì ló jẹ tán, àbí ọ́ìlì ń jò níbì kan.