Ẹ Má Sọ Fún Mi Mọ́ Pé Ilẹ̀ Ooru Ni Mo Ti Wá

Màámi pè mí lórí fídíò láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé kan níparí oṣù kẹjọ. Wọ́n wọ súwẹ́tà, wọ́n tún fi ìró bo ẹsẹ̀. "Òtútù ọdún yìí pọ̀ o, ọmọ mi. Láti àárọ̀ ni ojú ọ̀run ti ṣú, oòrùn ò yọ rárá." Inú ọkọ̀ ni mo wà ní Houston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà náà, mo ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ torí mi ò tíì lè fọwọ́ kan sítíárìn. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Mo ní kí wọ́n bá mi di díẹ̀ ránṣẹ́ nínú òtútù yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ìgbà tó yá tí wọ́n rí òógùn tó ń ṣàn lójú mi, wọ́n dákẹ́. "Ṣé kò sí ibòji níbẹ̀ ni?"

Láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń ka ọjọ́. Ìgbà ìwọ́wé, ìyẹn àsìkò tí ooru ń rọlẹ̀ tí ewé igi ń wọ́, ni mò ń retí, mo sì fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi kí ó tó dé, torí tí ara bá ti tuni tán, ènìyàn a máa gbàgbé.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ibí, ilé ìkẹ́rùsí kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń já ẹrù nínú ọkọ̀ àjàgbé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, àpótí irin gígùn ni, kò ní fèrèsé, oòrùn á ti máa ta á láti àárọ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, òyì kọ́ mi nínú rẹ̀. Mo di ara irin mú, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó wa pé kí ó jẹ́ kí n jókòó díẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ṣebí Áfíríkà lo ti wá? Kí ni ooru fẹ́ fi ọ́ ṣe?" Mo padà sínú ọkọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ Yorùbá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe bí ọkùnrin."

Láti ìgbà yẹn, ẹnu àwa fúnra wa ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsọmọlórúkọ, ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ní òpópónà Bissonnet. Ẹni bá ní ooru ń mú òun, wọn á ní ó ti ń ṣe bí òyìnbó.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé wé ibí. Lóṣù kẹjọ, ooru ọ̀sán ní Ìbàdàn kì í sábà kọjá 28 lórí Celsius. Ní Houston, nǹkan bí 35 ni, lójoojúmọ́. Mi ò sọ pé ooru kì í mú nílé o. Oṣù kejì àti ìkẹta ń gbóná, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tó máa gbẹ̀yìn rẹ̀: ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn á gbé eruku dìde, àkọ́rọ̀ òjò á dé, òórùn ilẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tu èèyàn. Níbí, òjò kì í tu nǹkan kan. Yóò rọ̀ láago mẹ́ta, oòrùn á yọ láago mẹ́rin, ọ̀dà títì á bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín bí ìkòkò tí wọ́n ṣí ọmọrí rẹ̀. Oṣù márùn-ún gbáko. Òru pàápàá kì í tutù.

Òkun ló wà nídìí rẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, omi Gulf of Mexico máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀rinrin rẹ̀ á wá bo ìlú mọ́lẹ̀. Òógùn tó ń gbẹ lára ló ń mú kí ara tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti mu omi yó, òógùn ò ní ríbi gbẹ sí, á kàn máa ṣàn lásán, ara á sì máa gbóná sí i. Ìdí nìyẹn tí ooru 35 níbí fi ń ṣe èèyàn ju 35 tó gbẹ lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, ooru dé 109 lórí Fahrenheit ní Houston, ìyẹn nǹkan bí 43 lórí Celsius. Ó tún dé ibẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2023, ojú mi ló ṣe. Ẹ tún oṣù ti àkọ́kọ́ yẹn wò: oṣù kẹsàn-án! Oṣù tí kàlẹ́ńdà sọ pé ìgbà ìwọ́wé ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé ìtajà á ti kó elégédé síta, ẹlòmíràn á gbé tiẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ooru á ti bà á jẹ́. Igi óòkù tó kún àdúgbò wa kò tiẹ̀ wọ́wé lásìkò náà. Ó di nǹkan bí oṣù kejì sí ìkẹta kí wọ́n tó gbọn tiwọn dànù.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó bi àwọn tó wà níbí nígbà tí ìjì Beryl jà, ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2024. Ilé àti ilé iṣẹ́ tí iná kú mọ́ lórí lé ní mílíọ̀nù méjì. Ọjọ́ mẹ́fà ni tiwa. Bàbá kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, ará Ìjẹ̀bú, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ kejì, wọn ò lè dìde lórí àga mọ́. Inú ọkọ̀ mi la ń gbé wọn sí, mo á tan ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ fún wákàtí kan, mo á pa á, mo á tún tan án, títí epo fi fẹ́ tán. Epo náà ò sì rọrùn láti rí. Bàbá yìí, oko ni wọ́n dàgbà sí, oòrùn ò ṣàjèjì sí wọn. Nínú àwọn tó kú ní Houston lẹ́yìn ìjì yẹn, ooru inú ilé tí kò sí iná ló pa àwọn kan.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí òfin tí ìpínlẹ̀ Texas ṣe ní 2023. Austin àti Dallas ti pàṣẹ tipẹ́ pé kí àwọn tó ń kọ́lé máa sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín wákàtí mẹ́rin, kí wọ́n mumi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Òfin ìpínlẹ̀ yìí ní ìlú kankan ò gbọdọ̀ pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Houston wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, mo sì kí wọn fún un. Ẹni tó ń já ẹrù, ẹni tó ń kan òrùlé, omi àti ibòji tọ́ sí i, ibi yòówù kí ó ti wá.

Àwa náà, nínú ẹgbẹ́ wa, kí ló dé tí a fi ń kó àwọn ìyá wa pẹ̀lú gèlè àti aṣọ òkè lọ sí pápá fún ayẹyẹ lóṣù keje? Ẹ jẹ́ ká gbé e sí oṣù kọkànlá. Mo ti sọ ọ́ nípàdé lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣì máa sọ ọ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń mọ̀ kí n tó lajú pé ọyẹ́ ti dé. Ètè mi á ti gbẹ, Màámi á ti máa wá ike òrí kiri yàrá. Bó ṣe rí níbí náà nìyẹn tí atẹ́gùn tútù àkọ́kọ́ bá dé. Atẹ́gùn méjèèjì, àríwá ni wọ́n ti ń wá, ṣùgbọ́n tibí kì í gbé eruku. Ìparí oṣù kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, o ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, gíláàsì ojú ọkọ̀ ò ní ìrì, ojú ọ̀run mọ́ kedere, afẹ́fẹ́ fúyẹ́ nínú imú. Ọ̀sán ṣì lè gbóná tó 30. Kò sí wàhálà. A ti mí.

Wọ́n ní atẹ́gùn tútù náà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ti gbé àga méjì sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan fún Bàbá Ìjẹ̀bú, ọ̀kan fún èmi. Tó bá dé lóòótọ́, aago méje àárọ̀ ni màá pe Màámi, yóò jẹ́ aago kan ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn, kí àwọn náà rí mi nínú súwẹ́tà.