Síkóòpù ọdẹ: èyí tó tọ́ gbọọrọ ni àbí èyí tó tẹ̀?

Ọmọ Ìgbẹ́tì: Ẹ̀yin ọdẹ, àrìnpa o. A fẹ́ lọ ṣọdẹ elk, ẹran ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, ní Colorado ní Amẹ́ríkà, mo sì fẹ́ ra síkóòpù, awò olójú kan tí wọ́n fi ń wo ẹran lọ́ọ̀ọ́kán, kì í ṣe ti orí ìbọn. Wọ́n ní ọ̀kan tọ́ gbọọrọ, èkejì sì wà tí ibi tí a ń fojú sí tẹ̀ sókè ní dígírì 45. Mo ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, ìyàwó mi tá a jọ ń lọ ò ga tó èjìká mi. Èwo ni ká rà?

Bàbá Wyoming: Èyí tó tẹ̀. Má wulẹ̀ ronú. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ máa gbé e lé á kúrú, afẹ́fẹ́ ò ní máa mì í. Ìwọ á tẹrí ba, ìyàwó á dúró wò ó, ẹ ò ní máa gbé e sókè sódò. Tí ẹran bá wà lórí òkè, ọrùn ò ní dùn yín.

Ẹlẹ́nu Ṣakí: Ìyàwó ń bá ọ lọ ṣọdẹ? Ayé ti bàjẹ́.

Ìyá Ọdẹ Texas: Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Èmi ni mo ní láísẹ́ńsì nílé wa. Ọkọ mi ló ń gún iyán dè mí.

Ojú Àwòdì: Ẹ má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Gbọọrọ ni kó rà. Ibi tó o kọjú sí náà ni síkóòpù kọjú sí. O rí ẹran nínú awò olójú méjì, o bọ́ sórí síkóòpù, o ti bá a níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ yẹn, ilẹ̀ lo máa dojú kọ nígbà tí ẹran wà níwájú. Èmi a máa gbé tèmi lé fèrèsé ọkọ̀, màá wo gbogbo àfonífojì.

Bàbá Wyoming: Látinú ọkọ̀! Òfin ò gbà kéèyàn yìnbọn látinú ọkọ̀ ní Colorado o.

Ojú Àwòdì: Bàbá, ta ló dárúkọ ìbọn? Wíwò ni mo wí.

Bàbá Wyoming: Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn: Bàbá mi ò mọ síkóòpù. Iná kábáàdì lórí, ojú ẹran á tàn yòò, ṣakabùlà á dún, ó parí.

Onígíláàsì: Igbó tiyín dí, ẹran ò jìnnà. Lọ́hùn-ún, máìlì kan lè wà láàárín ìwọ àti elk. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè Colorado, akọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka 4 lórí ìwo kan, tàbí kí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ gùn tó íǹṣì 5, kó tó ṣeé pa. Ta ló máa fi ojú lásán ka ìyẹn? Èyí tó tẹ̀ sábà máa ń ní òrùka tó ń jẹ́ kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣeé lò nínú ọkọ̀ náà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó la ojú sókè, òjò àti yìnyín á máa kó sí i. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí 60x, ìyẹn èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá nígbà 60, tàn yín. Tí oòrùn bá ti mú, gbogbo nǹkan á máa gbọ̀n nínú rẹ̀, 30x lẹ máa padà sí.

Ẹlẹ́nu Ṣakí: Mi ò ka gbogbo èyí. Ṣé elk ṣe é fi se ẹ̀gúsí?

Ìyá Ọdẹ Texas: Dáadáa! Kò lọ́ràá ni, ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí iná.

Ojú Àwòdì: GBỌỌRỌ NI. GBỌỌRỌ! Ẹni tó bá fẹ́ máa dorí kodò bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́, ó kù sọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá Wyoming: Ọdẹ orí àga ọkọ̀. Ọdún wo lo tiẹ̀ dé Amẹ́ríkà?

Ojú Àwòdì: Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?

Bàbá Wyoming: "Kàn ọ́"? Èmi? Ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ!

Ìyá Ọdẹ Texas: Ojú Àwòdì, ìyẹn ò dáa. Ẹ bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ Ìgbẹ́tì: Ẹ jọ̀ọ́, fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ńkọ́, 65 mm ni àbí 85?

Onígíláàsì: Tẹ́ ẹ bá máa rìn jìnnà, 65. 85 wúwo, àmọ́ ó ń ríran jù ú lọ ní ìdájí.

Bàbá Wyoming: Mo ṣì ń retí ẹ̀bẹ̀ o.

Ojú Àwòdì: Ẹ jẹ́ ká pàdé lórí òkè. Tẹ́ ẹ bá fi títẹ̀ yín rí ẹran kí n tó rí i, màá dọ̀bálẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn: Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Mo ní òkété yíyan, mo lè fi ránṣẹ́ sí Èkó.

Bàbá Wyoming: Wọ inbox mi.

Ojú Àwòdì: Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.