Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ Mr Bigg's kọ́ KFC lọ́rùn

Mo ṣáà ń gbọ́ ọ pé KFC, ilé oúnjẹ ará Amẹ́ríkà, ló lé Mr Bigg's, ilé oúnjẹ tiwa, kúrò nígboro. Èmi ò gbà. Ọdún 2009 ni KFC ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Kó tó dé rárá, Sweet Sensation, Tastee Fried Chicken àti Tantalizers ti ń bá Mr Bigg's du oníbàárà láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990, Chicken Republic náà sì ti dá sí i ní 2004. Ọmọ ilé ló kọ́kọ́ bá ọmọ ilé jà.

Iléeṣẹ́ UAC tó ń ṣe Gala náà ló ni Mr Bigg's. Inú ṣọ́ọ̀bù ńlá Kingsway ló ti bẹ̀rẹ̀ láwọn ọdún 1960, níbi tí àwọn tó wá rajà ti ń jókòó mu kọfí. Ní 1973, wọ́n sọ ọ́ ní Kingsway Rendezvous. (Ẹ gbọ́ orúkọ! Ta ló fẹ́ fi ahọ́n kọsẹ̀ torí míìtì páì?) Ọdún 1986 ló tó di Mr Bigg's, tí wọ́n kùn ún ní pupa àti yẹ́lò, débi pé ọmọ tí ò tíì mọ̀wé kà á na ìka sí i látinú mọ́tò.

Ìyá wa ń se ìrẹsì nílé, ó sì ń dùn. Síbẹ̀, bí ọmọ bá gba ipò kìíní, Mr Bigg's ni bàbá máa ń ṣèlérí. A ó wọ aṣọ ọdún. Etí míìtì páì ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ, n ó fi àárín tí ẹran wà sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn, kí n lè pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tútù yẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ orúkọ náà fáwọn oníṣòwò míì, ẹ̀ka wá ju 100 lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni adùn ti ń jò lọ. Aṣọ ọdún wo lèèyàn ń wọ lọ sí ìkòríta? Míìtì páì sì ti kún ọwọ́ gbogbo oníbúrẹ́dì. Owó tún wá le, ẹni tí ebi ń pa lọ́sàn-án Mọ́ńdè ń wá ìrẹsì àti adìyẹ tí ò ní gba owó ọkọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Chicken Republic rí ìyẹn, wọ́n gbé oúnjẹ tí wọ́n pè ní Refuel jáde.

Ní 2013, iléeṣẹ́ Famous Brands ti South Africa ra ìpín 49 nínú 100 lára UAC Restaurants, apá UAC tó ń bójú tó Mr Bigg's. Kí ni wọ́n gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mr Bigg's? Debonairs. Písà o! Fún ẹni tó ń wá ìrẹsì.